Incheon, 15 Oṣù Kẹsàn-án 1950: Ọjọ́ Tí Omi Òkun Pín Ogun Sí Méjì

Bí omi òkun bá fà ní Incheon, ẹrẹ̀ ló kù. Ìlú èbúté ni Incheon, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Kòríà, kò sì jìnnà sí Seoul. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà níbẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 9. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń sún mọ́ mítà 11. Ẹrẹ̀ tó ń jáde bí omi bá ti lọ tẹ́ rẹrẹ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó sì ń gbé ènìyàn mì dé ìbàdí. Ọkọ̀ ojú omi tí omi bá fà sílẹ̀ lórí rẹ̀ ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, àfi kó dúró kí ọ̀tá máa yìnbọn fún un.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí mo bá ń ṣèwádìí nípa ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gágun ni mo ń kọ́kọ́ ṣí. Ìwé ìṣirò ìkún omi ni. Ní 15 Oṣù Kẹsàn-án 1950, omi kún dé góńgó ní aago 6:59 àárọ̀. Ó tún kún dé góńgó ní aago 7:19 alẹ́. Oòrùn wọ̀ ní aago 6:44 ìrọ̀lẹ́. Orí aago mẹ́ta yìí ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà dúró lé. Ẹni tó bá kọ ìtàn Incheon tí kò kọ wọ́n sílẹ̀, ìtàn akọni ló kọ, kò tíì kọ ìtàn ogun.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà náà. Ní 25 Oṣù Kẹfà ni Kòríà Àríwá kọ lu Kòríà Gúúsù. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí Seoul fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹjọ, wọ́n ti lé ọmọ ogun Kòríà Gúúsù àti ti Amẹ́ríkà dé igun ilẹ̀ kan ní gúúsù-ìlà oòrùn, ní àyíká èbúté Pusan. Douglas MacArthur, ẹni 70 ọdún tó ń darí ogun náà lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní òun ò ní máa ti ọ̀tá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti Pusan. Ẹ̀yìn wọn lòun máa gbà wọlé, ní Incheon, kí òun gé ọ̀nà oúnjẹ àti ọta ìbọn mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Seoul.

Àwọn ọ̀gá ojú omi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ọmọ ogun gúnlẹ̀ nílò omi tó jìn tó mítà 7. Àwọn LST, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí imú rẹ̀ ń ṣí kí táńkì àti ẹrù gba ibẹ̀ jáde, nílò tó mítà 9. Ọjọ́ mélòó kan péré nínú oṣù ni omi Incheon ń ga tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pàdánù 15 Oṣù Kẹsàn-án, ó di 11 Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn ìyẹn ó di 3 Oṣù Kọkànlá, òtútù á sì ti dé. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Tokyo ní 23 Oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ James Doyle, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ tó máa gbé wọn gúnlẹ̀, ti ka gbogbo ìṣòro náà tán, ohun tí Doyle rí sọ ni pé ibi tí òun lè sọ ọ́ dé ni pé kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. MacArthur gbà á bẹ́ẹ̀.

Aago 12:50 òru

Iná kan tàn ní ilé iná atọ́nà ọkọ̀ tó wà ní erékùṣù Palmi-do, lẹ́nu ọ̀nà omi tóóró tó wọ Incheon. Eugene Clark, ọ̀gá kékeré nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ló tàn án.

Ọkùnrin yìí ni mo kà sí ẹni tó ṣiṣẹ́ jù kí ọjọ́ náà tó mọ́. Láti 1 Oṣù Kẹsàn-án ló ti wà ní erékùṣù Yonghung-do pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Kòríà Gúúsù méjì, láàárín omi tí ọ̀tá ń ṣọ́. Àwọn ọ̀dọ́ erékùṣù náà ló ń bá a lọ wo ibi tí ìbọn ńlá wà, tí wọ́n sì ń ka iye ọmọ ogun. Òun fúnra rẹ̀ lọ sórí ẹrẹ̀ lóru, ó rì sínú rẹ̀, ó sì fi ìyẹn mọ̀ pé ènìyàn ò lè fẹsẹ̀ rìn ín, ká má tilẹ̀ sọ ọkọ̀. Ó wọn omi bó ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà, ó fi wé ìwé ìṣirò méjì tó wà nílẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Tokyo pé ti Jàpáàn ló tọ̀nà, ti Amẹ́ríkà kò pé. Ẹ fojú inú wò ó: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fẹ́ wọ omi kan, ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn sì ń parọ́ wákàtí fún wọn.

Kí ọjọ́ tó mọ́, ọ̀wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀ lé iná yẹn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkùnkùn ṣú, omi ń sáré, ibi tí ọkọ̀ lè yí padà sí kò sí. Ká ní ọkọ̀ kan bàjẹ́ tàbí rì láàárín ọ̀nà yẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ní rí ibi gbà, àwọn tó ti wọlé ò sì ní rí ibi jáde. Kò sí èyí tó rì. Àwọn ará Yonghung-do ló san lára gbèsè náà, nítorí ọmọ ogun Kòríà Àríwá padà wá bá wọn, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe.

Aago 5:20 sí 6:33 àárọ̀

Iwájú Incheon gan-an ni erékùṣù Wolmi-do wà, òkè kan ló sì gba ibẹ̀ kan. Ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta kọ́ sórí omi ló so ó mọ́ ìlú. Ẹni tó bá wà lórí òkè yẹn lè yìnbọn sí gbogbo èbúté. Wọn ò lè fi sílẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n lọ bá Incheon, bẹ́ẹ̀ ni omi ò gbà kí wọ́n gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, omi àárọ̀ fún Wolmi-do, omi alẹ́ fún ìlú.

Ní aago 5:20, Doyle fa àsíá tó ń pàṣẹ ìgúnlẹ̀ sókè. Ní 5:45, àwọn ọkọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Méjì nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń yìnbọn náà jẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ wọn ni Kenya àti Jamaica. Mo máa ń dúró níbí díẹ̀ bí mo bá kà á: orúkọ ilẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn nígbà náà ló wà lára ọkọ̀ tó ń ró ní èbúté Kòríà. Ọkọ̀ òfurufú tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì da tiwọn sílẹ̀, tí gbogbo etíkun fi bò mọ́lẹ̀ nínú eruku àti èéfín.

Aago 6:33 ni ọkọ̀ méje àkọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fi pẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Marine kan, tí Robert Taplett ń darí, ló sọ̀ kalẹ̀.

Ohun kan rèé tí ẹni tó ń to wákàtí irú ọjọ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn ni. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn, tí ọta ń kọjá lórí rẹ̀, kì í wo aago. Nítorí náà, wákàtí ojú omi ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ti orí ilẹ̀, mo ń fàyè ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní 6:46, táńkì mẹ́wàá gúnlẹ̀ láti inú ọkọ̀ mẹ́ta, àwọn kan nínú wọn ní abẹ́ ńlá iwájú tó ń kó ilẹ̀. Ní 6:55, àsíá Amẹ́ríkà ti wà lórí òkè. Nǹkan bí 400 ọmọ ogun ló wà ní erékùṣù náà. Àwọn kan jáde pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Àwọn tí wọ́n kọ̀ láti jáde nínú ihò, táńkì wá fi abẹ́ rẹ̀ wọ́ ilẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ wọn. Gbólóhùn kan péré ló máa ń gbà nínú ìròyìn ológun, àmọ́ n kì í lè kà á kọjá kíákíá. Ní aago 8, Taplett ránṣẹ́ pé Wolmi-do ti bọ́ sọ́wọ́. Nínú àwọn Marine, 17 fara gbọgbẹ́, kò sí ẹni tó kú. Wọ́n ka òkú ọ̀tá 108, wọ́n mú 136. MacArthur, tó ń wò ó láti inú ọkọ̀ Mount McKinley, kọ̀wé ìyìn sí ọmọ ogun ojú omi àti àwọn Marine lójú ẹsẹ̀.

Aago 8 àárọ̀ sí 2:30 ọ̀sán

Apá yìí làwọn ìwé sábà máa ń fò. Èmi kà á sí àárín gbùngbùn ọjọ́ náà.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwọn ọkọ̀ ní láti sá jáde kí ẹrẹ̀ má baà mú wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, omi ti lọ jìnnà, àwọn tó wà lórí Wolmi-do ń wo ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n dá wà. Bí ọ̀tá bá kó ogun wá láti inú ìlú, kò sí ọkọ̀ kankan tó lè gbé ènìyàn kan wá kún wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìbọn ọkọ̀ ogun láti ọ̀nà jíjìn àti ọkọ̀ òfurufú nìkan ni ààbò wọn.

Àwọn ọkọ̀ òfurufú náà kò sinmi. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ohunkóhun gba ojú ọ̀nà wọ Incheon, kí ẹrẹ̀ má baà di ikú fún àwọn tó wà ní erékùṣù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn Marine díẹ̀ pẹ̀lú táńkì rin ọ̀nà òkúta mìíràn lọ sí erékùṣù kékeré Sowolmi-do, wọ́n sì gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ ló kù. Taplett wo ìlú láti orí òkè, ó rí i pé kò sí ìgbòkègbodò púpọ̀, ó sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá lórí ọ̀nà òkúta wọ ìlú, kódà bó jẹ́ láti lọ wò ó lásán. Wọ́n ní kó dúró síbi tó wà.

Ṣé Taplett ló tọ̀nà ni? Àwọn tó wà ní Incheon kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì mọ ogun. Èrò mi ni pé ó lè wọ ìlú. Àmọ́ ká ní ó wọ̀ ọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó wà lórí ilẹ̀ ì bá ti ṣègbé, omi ì bá má sì tíì kún. Ẹni tó ní kó dúró kò ṣe ojo.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Kì í ṣe pé Kòríà Àríwá ò gbọ́. Àwọn oníròyìn Tokyo ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé Incheon ni. Láti 13 Oṣù Kẹsàn-án ni ọkọ̀ ogun asáré mẹ́fà ti wá yìnbọn sí Wolmi-do ní ọ̀sán gangan, kí ìbọn erékùṣù náà lè dá wọn lóhùn kí wọ́n sì mọ ibi tó wà. Àwọn ọkọ̀ yẹn tún rí bọ́ǹbù abẹ́ omi tí ọ̀tá kó sílẹ̀, torí omi tó fà ló tú u síta, wọ́n sì fi ìbọn fọ́ ọ. Ọjọ́ méjì odindi ni ọ̀tá fi gba ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n ogun wọn tó lágbára wà ní Pusan, ó jìnnà, ọkọ̀ òfurufú sì ń ṣọ́ ojú ọ̀nà. Wọ́n gbọ́, wọn ò rí nǹkan ṣe sí i.

Aago 2:30 sí 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ní 2:30, ìbọn ńlá tún bẹ̀rẹ̀, ìlú ni wọ́n kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Iná ń jó, òjò ń rọ̀, èéfín àti òjò sì dàpọ̀ títí ojú ò fi ríran dáadáa. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ ogun bọ̀, wọ́n kó àkàbà dání. Etí òkun Incheon kì í ṣe yanrìn. Ògiri òkúta ni, tó ga tó mítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ẹrẹ̀, kódà bí omi bá kún, ó ṣì ń ga ju ọkọ̀ kékeré lọ. Wọ́n ti fi alumíníọ́mù ṣe àkàbà, nígbà tí ìyẹn ò tó, wọ́n fi igi kan òmíràn. Àkàbà méjì méjì ló wà ní imú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibi méjì ni wọ́n dojú kọ. Ọmọ ogun Marine ẹ̀ka karùn-ún lọ sí Red Beach, ní àríwá, lẹ́bàá ọ̀nà òkúta. Ẹ̀ka kìíní, tí Lewis Puller ń darí, lọ sí Blue Beach ní gúúsù ìlú. Aago 5:30 ni wọ́n dá. Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Láàárín ìyẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gun ògiri, gba àwọn òkè, kí wọ́n sì mọ ibi tí kálukú wà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní 5:33, àkàbà kan ògiri ní Red Beach.

Fọ́tò kan wà tí ẹ ó rí nínú ìwé púpọ̀ nípa ogun yìí. Ọkùnrin kan ti gbé ẹsẹ̀ sókè lórí àkàbà igi, ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, àwọn mìíràn wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń dúró de àyè. Baldomero Lopez ni, ọmọ Tampa ní Florida, ẹni 25 ọdún. Nígbà tó dé orí ilẹ̀, ó yọ pín-ìnnì bọ́ǹbù àfọwọ́jù láti jù ú sínú ihò kan tí wọ́n ti ń yìnbọn. Bó ṣe gbé ọwọ́ sókè, ọta bà á ní èjìká ọ̀tún àti àyà. Bọ́ǹbù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbá a mú jù padà mọ́. Ó fi apá tó gbọgbẹ́ wọ́ ọ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì bú mọ́ ọn lábẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e yè. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín fọ́tò yẹn àti ikú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láìmọ èyí rí ọkùnrin kan tó ń gun àkàbà.

Ní 5:55, ìṣẹ́jú méjìlélógún lẹ́yìn ìgúnlẹ̀, ọ̀gá ẹgbẹ́ Lopez yin iná aláwọ̀ ìyeyè sójú ọ̀run: òkè tí ibojì wà lórí rẹ̀ ti di tiwọn. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn pàdánù ènìyàn 8, 28 sì fara gbọgbẹ́. Marguerite Higgins, obìnrin oníròyìn New York Herald Tribune, wà nínú ọ̀wọ́ karùn-ún tó gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ ìbọn bíi tiwọn.

Aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

LST mẹ́jọ ló kù tó gbọ́dọ̀ wọlé kí omi tó tún fà. Ọta ìbọn, epo, omi mímu, gbogbo ohun tí ogun òru nílò, inú wọn ló wà. Doyle mọ̀ pé bí wọ́n bá kan ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n máa sùn, torí omi máa fi wọ́n sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ títí di àárọ̀. Ó gbà láti fi wọ́n wewu.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, mọ́tà ọ̀tá bà wọ́n. Àwọn atukọ̀ tí ojú wọn ò rí nǹkan kan nínú èéfín dá ìbọn padà sí orí òkè àti etíkun, wọn ò mọ̀ pé àwọn Marine ti wà níbẹ̀. Ọmọ ogun tiwọn 1 kú, 23 fara gbọgbẹ́, kí wọ́n tó rí ìbọn náà dá dúró. Epo tó wà lórí ọkọ̀ jò sílẹ̀ níbi tí ọta ti lu àgbá, tí kò sì gbiná. Ká ní ó gbiná, etíkun yẹn ì bá ti di ọ̀run àpáàdì. Gbogbo LST mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dé ògiri.

Ní Blue Beach, òjò àti èéfín ló ṣe ìbàjẹ́ ju ọ̀tá lọ. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ rọ́nà. Àwọn tó tẹ̀ lé e ṣìnà, ọkọ̀ atọ́nà ò tó, àwọn kan sì já sí ògiri tí kì í ṣe tiwọn. Puller gun ògiri pẹ̀lú ọ̀wọ́ kẹta, ó sì ń kó ènìyàn jọ bó ṣe ń rí wọn. Àwọn ọ̀tá tó wà níhà yẹn kò pọ̀, ìyẹn ló gbà wọ́n.

Òru

Nígbà tó fi máa di aago 1:30 òru ọjọ́ kejì, ẹ̀ka kìíní ti dé ojú ọ̀nà tó lọ sí Seoul. Ẹ̀ka karùn-ún ti mú àwọn òkè inú ìlú. Lórí ẹrẹ̀ Red Beach, ọkọ̀ mẹ́jọ jókòó láìsí omi lábẹ́ wọn, ẹnu wọn là, wọ́n ń já ẹrù sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n ka iye, ó jẹ́ 20 tó kú lójú ogun, 1 tí ọgbẹ́ pa, 1 tí wọn ò rí, àti 174 tó fara gbọgbẹ́. Fún ìgúnlẹ̀ tí gbogbo ọ̀gá ojú omi ti bẹ̀rù rẹ̀, iye náà kéré.

Àmọ́ iye yẹn ò pé. Abúlé kan wà ní Wolmi-do. Ní 10 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún kí iná Palmi-do tó tàn, ọkọ̀ òfurufú Marine da nápáàmù, bọ́ǹbù epo tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tó sì ń jó, sí apá ìlà oòrùn erékùṣù náà, èyí tó lé ní 90. Wọ́n fẹ́ jó gbogbo igbó àti ilé tí ọmọ ogun lè sá pamọ́ sí. Inú ilé yẹn làwọn ènìyàn wà, apẹja àti ìyàwó àti ọmọ wọn, ọmọ Kòríà Gúúsù ni wọ́n, àwọn gan-an tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbà sílẹ̀. Ọdún 58 kọjá kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2008, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà Kòríà Gúúsù sọ pé nǹkan bí 100 ará abúlé náà ló kú lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀ wọn di ibùdó ológun lẹ́yìn ogun, lẹ́yìn náà ó di ọgbà ìgbafẹ́, wọn ò sì rí i gbà padà láti fi kọ́lé.

Nínú àkójọ wákàtí tèmi, mo fi 10 Oṣù Kẹsàn-án ṣáájú aago 12:50 òru. Láti ibẹ̀ ni ìgúnlẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín tó wà lórí Wolmi-do nígbà tí àwọn ọmọ Taplett gúnlẹ̀ ní 6:33, tí òkè fi wà ní ìhòòhò tí wọ́n sì rí i gùn ní ìṣẹ́jú méjìlélógún, ilé àwọn ènìyàn yẹn wà lára ohun tí wọ́n jó kó lè rí bẹ́ẹ̀.